Kámẹ́rà tàkúté àti ṣíṣọ́ ẹranko ẹ̀yìnkùlé

Kámẹ́rà tàkúté jẹ́ kámẹ́rà kékeré tí a máa ń so mọ́ igi tàbí òpó, tí yóò sì máa ya àwòrán tàbí fídíò fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹranko tàbí ènìyàn bá kọjá níwájú rẹ̀. A ń pè é ní tàkúté nítorí pé ńṣe ni a máa ń dẹ ẹ́ sí ojú ipa ẹranko bí ọdẹ ti ń dẹ tàkúté. Àmọ́ àwòrán nìkan ni ó ń mú. Ẹranko náà yóò bá tirẹ̀ lọ láìfarapa. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ìgbẹ́ ń lò ó nínú igbó ńlá, àwọn onílé àti àgbẹ̀ sì lè lò ó ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ àti ní ẹ̀bá oko etílé.

Ọ̀pọ̀ ẹranko tí ń gbé nítòsí ènìyàn ni ó jẹ́ pé òru ni wọ́n ń jẹ̀. Òwe Yorùbá kan sọ pé ìjàkùmọ̀ kì í rin ọ̀sán, ẹni a bí ire kì í rin òru. Nítorí náà, ẹranko àti onílé kì í sábà pàdé. Ohun tí onílé ń rí ní òwúrọ̀ ni pòròpórò àgbàdo tí a gé lulẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ tó fọ́n ká, tàbí ihò tí a gbẹ́ sí ìdí ògiri. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹranko tó ṣe é ní láti pa á tàbí kí ó bi ọdẹ léèrè. Kámẹ́rà tàkúté ti mú ọ̀nà kẹta wá. Ní ilẹ̀ Igbómìnà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí ilé, oko àti igbó kò ti jìnnà sí ara wọn, ọ̀nà kẹta yìí wúlò púpọ̀.

## Ilẹ̀ Igbómìnà Ọ̀ṣun

Ìlá-Ọ̀ràngún ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ọ̀ràngún sì ni oyè ọba rẹ̀. Òkè-Ìlá, tí ó jẹ́ olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀, àti Ọ̀rà-Igbómìnà wà nítòsí rẹ̀. Àwọn ìlú wọ̀nyí àti abúlé wọn ni a mọ̀ sí Igbómìnà Ọ̀ṣun. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Igbómìnà wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ní àwọn ìlú bíi Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo.

Agbègbè náà wà ní ibi tí igbó kìjikìji ti ìhà gúúsù ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn ti ìhà àríwá. Fún ìdí yìí, ẹranko igbó àti ẹranko ọ̀dàn lè wà nítòsí ara wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti kòkó, Ìlá sì lókìkí fún ẹmu dídá. Oko etílé, ìdí ọ̀pẹ, ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi àti igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí odò ni ó so ẹ̀yìnkùlé pọ̀ mọ́ igbó gidi. Ní Òkè-Ìlá, òkè àpáta yí ìlú ká, omi Ayíkúnnugbá sì ń dà láti orí àpáta. Irú ibi báwọ̀nyí, tí ó ṣòro láti dá oko tàbí kọ́ ilé sí, ni ẹranko lè fara pamọ́ sí lọ́sàn-án, kí ó tó jáde wá jẹ̀ nítòsí ilé bí ilẹ̀ bá ṣú.

## Ìmọ̀ ọdẹ

Kí kámẹ́rà tó dé, ọ̀dọ̀ ọdẹ ni ìmọ̀ nípa ẹranko òru wà. Ọdẹ mọ ipa ẹsẹ̀, ó mọ ìgbẹ́ ẹranko, ó mọ igi tí èso rẹ̀ ń já sílẹ̀ àti àkókò tí ó ń já. Ó lè gun ẹ̀gùn lórí igi, kí ó sì jókòó de ẹranko títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìjálá, tí í ṣe ewì àwọn ọdẹ, kún fún oríkì ẹranko, nínú èyí tí a ti ṣe àpèjúwe àwọ̀, ìrìn, ohùn àti ìwà wọn.

Ìmọ̀ yìí jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń wá a ni láti pa ẹran. Ẹni tí kì í ṣe ọdẹ kì í sábà rí ẹranko òru àfi ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ níbi tí a ti ń ta ẹran ìgbẹ́, tàbí lórí àtẹ àwọn eléwé-ọmọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá ti kọ́ ohun púpọ̀ láti ara òkú ẹran ní ọjà. Kámẹ́rà tàkúté lo apá kan ìmọ̀ ọdẹ, ìyẹn ìmọ̀ ojú ipa àti ìmọ̀ sùúrù, láìlo ìbọn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọdẹ àdúgbò ni olùkọ́ tó dára jù lọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí yóò dẹ kámẹ́rà sí.

## Ìtàn

George Shiras Kẹta, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni a sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí aṣáájú nínú yíya àwòrán ẹranko ìgbẹ́ lóru. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na okùn sí ojú ipa ẹranko. Bí ẹranko bá fi ẹsẹ̀ kọ okùn náà, iná yóò bù, kámẹ́rà yóò sì ya àwòrán. Ní oṣù keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ àwòrán rẹ̀ tó lé ní 70 jáde. Ní India, Frederick Walter Champion, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ igbó ọba, lo irú ọgbọ́n yìí láti ya àwòrán ẹkùn onílà ti ilẹ̀ Éṣíà ní àwọn ọdún 1920.

Ìyípadà ńlá dé nígbà tí àwọn olùṣe kámẹ́rà fi ohun èlò tí ń fura sí ooru ara rọ́pò okùn. Ní ọdún 1995, onímọ̀ ará India kan, Ullas Karanth, fi hàn pé a lè fi ìlà ara ẹkùn kọ̀ọ̀kan dá a mọ̀ nínú àwòrán, kí a sì fi ìyẹn ṣírò iye tó wà nínú igbó. Láti nǹkan bí ọdún 2000 síwájú, kámẹ́rà díjítà gba ipò fíìmù. Kámẹ́rà tí ó jẹ́ pé àwòrán 36 péré ni fíìmù rẹ̀ lè gbà tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Iye owó rẹ̀ wálẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

## Ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè ìtòsí

Àpẹẹrẹ tó fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìmọ̀ ọjà àti ìmọ̀ kámẹ́rà hàn jù lọ ni ti ẹtu Walter, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ *Philantomba walteri*. Ẹranko yìí ń gbé ní Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ tó kọ́kọ́ kéde pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, òkú ẹran tí àwọn ọdẹ ti pa ni wọ́n sì fi dá a mọ̀. Ó tó ọdún 2021 kí wọ́n tó tẹ àwòrán rẹ̀ láàyè jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Kámẹ́rà tàkúté ni ó yà á, ní Ọgbà Ẹranko Fazao-Malfakassa ní orílẹ̀-èdè Tógò. Fún ọdún mọ́kànlá, ayé ti fún ẹranko náà ní orúkọ láìrí àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ń rìn.

Ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ní Òkè Mbe ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àjọ Wildlife Conservation Society gbé àwòrán kámẹ́rà tàkúté jáde ní ọdún 2020. Agbo gorílà Cross River ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn mélòó kan. Nǹkan bí 300 péré ni gbogbo irú gorílà yìí tó kù láyé, wọ́n sì máa ń sá fún ènìyàn. Rírí ọmọ wọn nínú àwòrán jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n ṣì ń bí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àjọ Nigerian Conservation Foundation ń ṣiṣẹ́ ní Igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì láti ọdún 1977. Kámẹ́rà tàkúté ti ya àwòrán àwọn erin igbó tó ṣẹ́kù síbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gbé nítòsí wọn kò rí rí.

Kò sí erin ní ẹ̀yìnkùlé Ìlá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà tí kámẹ́rà fi fi erin Omo hàn ni ó fi lè fi ẹtà tàbí akika hàn lẹ́yìn ògiri ilé.

## Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tí ń jí kámẹ́rà tàkúté ni ooru tó ń rìn. Ní iwájú rẹ̀ ni ohun èlò kékeré kan wà tí ń fi ooru apá kan wé ti apá kejì nínú àyè tó dojú kọ. Bí ẹranko tí ara rẹ̀ gbóná ju àyíká lọ bá ti apá kan bọ́ sí ìkejì, ohun èlò náà yóò fura, yóò sì jí kámẹ́rà. Láàárín ìdá kan ìṣẹ́jú-àáyá, àwòrán ti wọ inú mẹ́mọ́rì káàdì, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí kò bá sí ohun tó kọjá, kámẹ́rà náà ń sùn ni. Ìdí nìyí tí bátìrì rẹ̀ fi lè tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Lọ́sàn-án, àwòrán rẹ̀ a máa ní àwọ̀. Lóru, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú ènìyàn kò lè rí dáadáa, àwòrán rẹ̀ a sì di dúdú àti funfun. Àwọn kan máa ń pọ́n díẹ̀ bí ẹyín iná nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn kò ní àmì kankan tí ojú lè rí. Oríṣi kejì yìí kì í dẹ́rù ba ẹranko púpọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sábà dé ọ̀nà jíjìn.

Nítorí pé ooru ni ó ń fura sí, ó ní ohun tí kì í rí. Ejò, alángbá àti agílíńtí kì í ní ooru ara tó yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àyíká, wọ́n sì lè kọjá láìjí kámẹ́rà. Bákan náà, ní ọ̀sán oṣù kejì tàbí ìkẹta, tí ilẹ̀ àti ògiri bá gbóná bí ara ẹranko, kámẹ́rà lè máà fura. Ní òru ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ tutù, ara ẹranko yàtọ̀ gedegbe sí àyíká, ó sì ń rí i kíákíá.

Ẹni tí kò bá ní owó kámẹ́rà lè lo fóònù àtijọ́. Áàpù wà tí ń fi àwòrán kan wé èyí tó tẹ̀lé e, tí yóò sì yàwòrán bí ìyípadà bá wà. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná mànàmáná, kò sì wúlò lóru àfi tí gílóòbù bá ń tàn níbẹ̀.

## Bí a ṣe ń dẹ ẹ́

* Ibi. A máa ń wá ojú ipa: koríko tó tẹ́ ní ìlà, ihò lábẹ́ ọgbà, ibi omi, ìdí ọ̀pẹ tí èso ti já sílẹ̀, tàbí ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ.
* Gíga. Fún ẹranko tó tó òkété sí ajá, kí kámẹ́rà ga tó orúnkún tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀. Èyí tí a bá so mọ́ àyà igi yóò máa yàwòrán ẹ̀yìn ẹranko nìkan.
* Ìdojúkọ. Ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn kò dára, nítorí pé oòrùn yóò wọ ojú kámẹ́rà ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Àríwá tàbí gúúsù ni ó yẹ kí ó dojú kọ.
* Ìgun. Kí ó dá ojú ipa kọjá ní ẹ̀gbẹ́, kí ó má ṣe dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Ẹranko tó ń bọ̀ tààrà kì í tètè jí kámẹ́rà bí èyí tó ń ré kọjá.
* Koríko. Ewé tí oòrùn ti mú gbóná tí afẹ́fẹ́ sì ń mì lè mú kí kámẹ́rà ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán òfo. Ní ìgbà òjò, koríko agbègbè Ìlá ń yára ga, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa gé e ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.
* Ìtọ́jú. Òjò ń mú kí ìrì wọ inú dígí. Eruku ọyẹ́ ń bo ojú rẹ̀. Èèrà ń fi inú rẹ̀ ṣe ilé. Iná ìgbẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jó o. Ṣẹ́ẹ̀nì àti kọ́kọ́rọ́ ni a fi ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ olè.

Kò dára kí a fi oúnjẹ tan ẹranko wá sí ẹ̀yìnkùlé. Eku tí ó ń gbé kòkòrò àrùn ibà Lassa, *Mastomys natalensis*, fẹ́ràn oúnjẹ tí a kò bò, ó sì máa ń wọ ilé. Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, ní ìlú Lassa ní ibi tí í ṣe Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Omi nínú àwo tó rẹlẹ̀ sàn ju oúnjẹ lọ, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí a bá ń dà á nù déédéé kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀.

## Àwọn ẹranko tí a lè rí

Àwọn ẹranko wọ̀nyí jẹ́ ti agbègbè tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà.

Ọ̀yà, *Thryonomys swinderianus*, ń jẹ koríko, àgbàdo, ìrèké àti ẹ̀gẹ́. Eyín iwájú rẹ̀ a máa gé igi àgbàdo ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé e. Àmì yìí ni àgbẹ̀ fi ń dá a mọ̀ kódà láìsí kámẹ́rà.

Òkété, *Cricetomys*, ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Nínú fídíò, a lè rí i tí ó ń kó èkùrọ́ sí ẹnu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò fi wú, tí yóò sì gbé e lọ sí ihò. Ìrù rẹ̀ gùn, ìdajì ìrù náà tó wà ní ìparí sì funfun. Èyí ni a fi ń dá a mọ̀ lára eku ńlá mìíràn lóru.

Ẹtà, *Civettictis civetta*, tóbi tó ajá. Ara rẹ̀ ní àmì dúdú, ojú rẹ̀ sì dà bí ẹni tó fi aṣọ dúdú di ojú. Ó ń jẹ kòkòrò, eku, ẹyẹ àti èso. Ibì kan náà ni ó máa ń yàgbẹ́ sí, kóró èso sì ń hù níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ń gbin igi fún igbó láìmọ̀.

Ìjàkùmọ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pe ẹranko òru tó jọ ológbò. Àwọn ẹranko alámì tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìrù wọn ní òrùka dúdú àti funfun, tí sáyẹ́ǹsì ń pè ní *Genetta*, náà wà nínú irú àwòrán báyìí.

Akika, *Phataginus tricuspis*, ni ẹranko onípẹ́ tí ń jẹ èèrà àti ikán. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà èyí tí a bá pa kì í tètè ní arọ́pò. Ní ọdún 2019, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ewu ìparun.

Ọ̀wàwà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀fàfà, ń gbé lórí igi. Kámẹ́rà ìsàlẹ̀ kì í sábà rí i, ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ igbe rẹ̀ lóru. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ kéde pé ọ̀wàwà tó wà láàárín odò Volta àti odò Ọya jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀, *Dendrohyrax interfluvialis*. Ọ̀kan nínú ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé igbe rẹ̀ dà bí gbígbó ajá, nígbà tí ti àwọn ẹ̀yà mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Igbómìnà wà láàárín odò méjèèjì náà.

Lọ́sàn-án, ọ̀kẹ́rẹ́, ikún, àparò àti àdàbà ni ó sábà máa ń jí kámẹ́rà. Ní etí oko tó jìnnà díẹ̀ sí ilé, ẹtu àti ìgalà lè kọjá ní ìdájí.

## Adìyẹ tó sọnù àti oko tí a jẹ

Nínú eré àwọn ọmọdé Yorùbá, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni olè adìyẹ. Nínú ayé gidi, ẹni tó jẹ̀bi pọ̀: àwòdì ń gbé òròmọdìyẹ lọ́sàn-án, ẹranko bí ológbò, ejò àti ajá àdúgbò ń ṣọṣẹ́ lóru, ènìyàn náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ẹni tó ṣe é lè da májèlé sílẹ̀ tàbí kí ó dẹ pańpẹ́. Májèlé kì í yan ẹni tí yóò pa. Ó lè pa ajá aládùúgbò, ewúrẹ́, òwìwí tí ń pa eku, tàbí ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án.

Àwòrán òru mélòó kan lè yí ìpinnu onílé padà. Bí ó bá jẹ́ ẹranko tó ń wọ inú ihò lábẹ́ ilẹ̀kùn, pákó kan ni yóò yanjú ọ̀ràn náà. Bí ó bá jẹ́ àwòdì, fífi àwọ̀n bo àgbàlá òròmọdìyẹ ni. Bí ó bá jẹ́ ajá, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ni ín ni. Ní oko, àwòrán a máa fi hàn bóyá ọ̀yà, túùkú tàbí màlúù ni ó jẹ ohun ọ̀gbìn, àti ní wákàtí wo. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran, tàbí láàárín aládùúgbò méjì.

## Orúkọ ẹranko

Ìṣòro kan tó máa ń yọjú nígbà tí àwòrán bá dé ni orúkọ. Orúkọ kan lè jẹ́ ti ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹtu jẹ́ àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn ẹ̀yà kékeré tó jọra ni a ń fi orúkọ náà pè. Ẹ̀yà kan sì lè ní orúkọ púpọ̀: akika ni àwọn kan ń pè ní aika tàbí arika. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń dàgbà ní ìlú mọ kìnnìún àti erin láti inú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹtà, tí ó ṣeé ṣe kí ó máa kọjá lẹ́yìn ilé wọn.

Fífi àwòrán han àwọn àgbàlagbà àti ọdẹ, kí a sì kọ orúkọ tí wọ́n pè é sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Igbómìnà, ń dá ohun méjì sí lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ̀rí pé ẹranko náà wà, àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Lórí iNaturalist, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, ẹnikẹ́ni lè fi àwòrán àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá a dárúkọ sáyẹ́ǹsì. Wildlife Insights sì ń lo kọ̀ǹpútà láti ya àwòrán òfo sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹranko wà nínú rẹ̀.

## Òfin àti ìwà ọmọlúàbí

Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ewu, tí a ṣe ní ọdún 1985, dáàbò bo akika àti àwọn ẹranko mìíràn. Ní ọdún 2016, ní ìpàdé CITES ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de òwò gbogbo ẹ̀yà akika mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè.

Àwòrán lè pa ẹranko tí ó fẹ́ dáàbò bò. Ọ̀pọ̀ fóònù àti kámẹ́rà a máa kọ ibi tí a ti ya àwòrán sínú fáìlì rẹ̀. Bí a bá fi àwòrán akika síta pẹ̀lú orúkọ àdúgbò, ńṣe ni a fọ̀nà han ẹni tó fẹ́ pa á tà. Nítorí náà, ó yẹ kí a yọ ibi ìyàwòrán kúrò, kí a sì dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. iNaturalist fúnra rẹ̀ a máa fi ojúlówó ibi tí a ti rí ẹ̀yà tó wà nínú ewu pamọ́.

Kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ dojú kọ ilé, balùwẹ̀ tàbí kànga aládùúgbò. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ pé ìsọfúnni nípa ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń lò bó ṣe wuni, ìwà ọmọlúàbí sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Igbómìnà, tí egúngún rẹ̀ lókìkí, a kì í dẹ kámẹ́rà sí igbó orò tàbí igbàlẹ̀, bí ó ti wù kí ẹranko pọ̀ níbẹ̀ tó. Bí kámẹ́rà bá sì wà lórí ilẹ̀ tí ó kan ẹlòmíràn, a gbọ́dọ̀ sọ fún onílẹ̀, fún aládùúgbò àti fún àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru.

## Ohun tí àwòrán lè sọ

Àwòrán kan ṣoṣo fi hàn pé ẹranko wà. Kò fi hàn pé ó pọ̀. Òkété kan lè kọjá nígbà mẹ́wàá lóru kan, kí ó sì dà bíi mẹ́wàá. Àìrí ẹranko nínú àwòrán kò sì túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ni ó ń mú kí àwòrán wúlò: ọjọ́, wákàtí, ibi tí kámẹ́rà wà, iye òru tí ó fi ṣiṣẹ́, àti àwọn òru tí kò rí ohunkóhun. Bí a bá dẹ kámẹ́rà kan náà sí ibì kan náà ní oṣù kan náà lọ́dọọdún, a lè fi ọdún kan wé èkejì.

Ní Òṣogbo, tí ó jẹ́ olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Igbó Ọ̀ṣun tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75 wà ní etí ìlú. UNESCO kà á mọ́ ohun ìní àjogúnbá ayé ní ọdún 2005. Èèwọ̀ ni kí a ṣọdẹ níbẹ̀, ọ̀bọ sì ń rìn níbẹ̀ ní ojú àwọn àlejò. Ẹ̀yìnkùlé kò ní irú èèwọ̀ yẹn, kò sì ní olùṣọ́. Bí a ti ń kọ́ ilé sí orí ilẹ̀ tó ń sinmi, tí a sì ń gé igbó etí odò, ẹranko tí ń gbé níbẹ̀ ń kúrò láìsí ẹni tó mọ ọjọ́ tí ó lọ. Àkọsílẹ̀ kámẹ́rà kò lè dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ará ilé mọ ohun tí ó wà ní tòsí wọn nígbà tí ó ṣì wà.